Sàárà Ìdáláre

Ọjọ́ tí adájọ́ dá àbúrò mi láre ní Ìlaròó, ibi tí màmá mi ti ń sunkún ayọ̀ lèmi ti ń wo ẹnu ọ̀nà, tí mò ń ro bá a ṣe máa jáde láìfarapa. Mi ò ní í purọ́ fún yín, inú mi ò dùn. Ẹ̀rù ló bà mí. Àwọn èèyàn tó kún inú kọ́ọ̀tù yẹn, tí àwọn mìíràn dúró dé ìta lábẹ́ igi, kọ́kọ́ dákẹ́ ná, àfi bíi pé wọn ò gbọ́ ohun tí ògbufọ̀ wí. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan káwọ́ lérí, ó ní, "Yéè! Wọ́n ti tún pa ọmọ náà lẹ́ẹ̀kejì!" Bí ariwo ṣe sọ nìyẹn.

Ẹjọ́ náà ò ta kókó rárá. Ọmọbìnrin kan tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ní Afọ̀n ni mọ́tò gbá létí títì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tó wa mọ́tò náà ò dúró tì í. Ó wa mọ́tò náà wọ inú igbó díẹ̀ síwájú, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àgbẹ̀ kan tó ń ti oko bọ̀ ló rí ọmọ náà. Ẹ̀mí ṣì wà lára ẹ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti kú. Kọ̀rólà àbúrò mi sì ni mọ́tò náà. Ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú. Gbogbo Ayétòrò ló mọ mọ́tò funfun yẹn tó ní bọ́ńpà pupa, òun ló fi ń kó èrò àti ẹrù lọ sí Ìlárá.

Ṣùgbọ́n àbúrò mi ní òun ti gbé e sọ́dọ̀ mẹkáníìkì láàárọ̀ ọjọ́ náà, pé ibà ló dá òun dúró sílé, àti pé ẹnì kan ló jí i wà níbẹ̀. Mẹkáníìkì tó yẹ kó wá sọ bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́ ti sọdá sí Kútọnu kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tún gbúròó ẹ̀. Ẹlẹ́rìí kan ní ọkùnrin tóun rí tó ń sá jáde nínú igbó ga, ó sì dé fìlà. Èkejì ní kò dé fìlà, kò sì ga tó bẹ́ẹ̀. Adájọ́ wá ní iyèméjì wà nínú ọ̀rọ̀ náà, pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ni òfin sì máa ń fún ní àǹfààní iyèméjì. Ó ní kó máa lọ sílé.

"Iyèméjì wo?" ni bàbá kan ń pariwo lẹ́yìn wa. "Gbogbo ayé ló mọ̀!"

Gbogbo ayé mà ni o, àfi èmi. Èmi tí mo gbé e pọ̀n, tí mo kọ́ ọ ní a-bí-dí, mi ò mọ̀. Mo ti bi í lójú, mo ti bi í lẹ́yìn, ohun kan náà ló ń sọ: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti sọ tèmi." Màmá mi ní tiwọn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n bi í. Ó ní, "Màmá, èmi kọ́." Látìgbà náà, wọn ò bi í mọ́, wọn ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bi í lójú wọn. Ṣebí wọ́n ní ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ.

Èyí tó wá le jù níbẹ̀ ni pé ìyá ọmọbìnrin tó kú náà kì í ṣe àjèjì sí mi. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan náà la ti jọ ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń kọ́ kíláàsì kẹta, èmi ń kọ́ kíláàsì karùn-ún, bẹ́ǹṣì kan náà la sì máa ń jókòó sí lábẹ́ igi máńgòrò tí àwọn ọmọ bá jáde ìsinmi. Ọmọ olùkọ́ ìjọ ni, èmi ọmọ Àlájì, ṣùgbọ́n tí Iléyá bá dé, ilé wa ló ti ń jẹran, tí Kérésìmesì bá sì dé, ìrẹsì tiẹ̀ la máa ń jẹ sùn. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Nígbà tí wọ́n mú àbúrò mi, mo rò pé kò ní í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀. Ìyẹn gan-an ló tún wá ń dẹ́rù bà mí.

Lọ́jọ́ kan lábẹ́ máńgòrò yẹn, kí ìdájọ́ tó wáyé, ó kọjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀wọ̀n kọ́ ni mò ń wá. Tí wọ́n bá ti ẹnì kan mọ́lé, ṣé ọmọ mi á dìde ni? Ẹni tó rí ọmọ mi nígbà tó ṣì lè sọ̀rọ̀ ni mò ń wá. Mo fẹ́ mọ ohun tó sọ." Àgbẹ̀ yẹn ti sọ fún un pé nígbà tóun fi máa débẹ̀, ọmọ náà ò lè fọhùn mọ́. Ojú ẹ̀ là sílẹ̀, ọ̀nà igbó ló ń wò. Òun pè é títí, kò yíjú, ọ̀nà igbó yẹn náà ló tẹjú mọ́. Ìyá ẹ̀ ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ, ó ti rò ó bọ̀. "Kí ló ń wò níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n? Kí ló wà nínú igbó tí ọmọ mi ń wò?"

Mo bá a sunkún. Látọjọ́ náà ni mi ò ti lè wo ojú ẹ̀ tààrà mọ́, torí tó bá jẹ́ pé àbúrò mi ni, a jẹ́ pé inú ilé mi ni ìdáhùn tó ń wá kiri wà. Ìdájọ́ Ìlaròó yẹn wá ti ilẹ̀kùn náà pa pátápátá. Ẹni tí kọ́ọ̀tù ti dá láre, kí ló tún máa wá sọ fún ẹnikẹ́ni?

Àwọn ọlọ́pàá ló kó wa gba ẹ̀yìn kọ́ọ̀tù jáde. Ìyá ọmọ náà ṣì jókòó síbi tó wà, kò pariwo, kò sunkún, ó kàn ń wo àbúrò mi bó ṣe ń lọ. Nígbà tá a dé Ayétòrò, àwọn ọlọ́kadà tó wà ní oríta tẹ fèrè mọ́ wa, kì í ṣe fèrè ìkíni o. Ẹnì kan tutọ́ sára mọ́tò tó gbé wa. Màmá mi ń kí àwọn aládùúgbò bá a ṣe ń wọlé, "Ẹ kú ilé o, ẹ bá wa dúpẹ́," ẹni tó dáhùn ò ju ẹni tó ń gbálẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán lọ, ọ̀rọ̀ tó sì sọ, ṣe ló ń bá ìgbálẹ̀ sọ ọ́.

Nílé tiwa níbí, ẹ lè bínú síra yín, ẹ lè fà á ya, ṣùgbọ́n ẹ óò kíra yín láàárọ̀. Tí èèyàn ò bá ti jẹ́ ìkíni yín mọ́, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Ní ọjọ́ kejì, ètò orí rédíò tí àwọn èèyàn ti máa ń pè wọlé láàárọ̀, ọ̀rọ̀ wa ni wọ́n fi jẹun. Ẹnì kan ní ó dá òun lójú pé adájọ́ ti gba rìbá. Ẹlòmíràn ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Ọkùnrin kan gbèjà wa díẹ̀, ó ní tó bá jẹ́ ọmọ tẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ máa fẹ́ kí wọ́n fi àhesọ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n? Wọ́n ní kó lọ jókòó, ó jọ pé ẹbí wa ni. Obìnrin kan wá pè, ohùn ẹ̀ tutù, ó ní, "Ìyá tó bí i ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé ìyá ẹ̀ ò mọ̀?" Mo sáré na ọwọ́ sí rédíò. Màmá mi ní kí n má pa á, káwọn gbọ́ ọ. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n lọ fi ẹ̀wà sínú omi.

Ẹ̀wà yẹn ni ìṣòro tiwa. Nígbà tí wọ́n mú àbúrò mi, màmá mi jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé tí ọmọ àwọn bá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọlé, Jímọ̀ tó bá tẹ̀ lé e àwọn á dín àkàrà, àwọn á fi ṣe sàárà yí àdúgbò ká. Àti kékeré ni wọ́n ti ń rán wa kiri pẹ̀lú àkàrà sàárà, a sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èèyàn kì í kàn gbé abọ́ fúnni kó yí padà. O máa sọ ohun tí ẹ torí ẹ̀ ṣe é. "Màmá mi ní kí n kí yín. Sàárà ara líle bàbá wa ni." Ẹni tó bá gbà á á wá ṣàdúrà lé ọ̀rọ̀ tó o sọ, ìwọ á ṣe àmín. Tó o bá gbàgbé, wọ́n á di abọ́ mú lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa wò ẹ́. "Ti kí ni? Ṣé ẹnu mi ni màá kàn là ni?" Mo rántí bí mo ṣe máa ń sá padà sílé lọ béèrè.

"Màmá," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ rọ̀ ná. Tí wọ́n bá rí èéfín àkàrà nílé wa, wọ́n á ní à ń ṣàríyá lórí òkú ọmọ ọlọ́mọ."

"Ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ tí kò san án, ó ń fi Ọlọ́run ṣẹ̀sín," ni wọ́n dá mi lóhùn.

"Ṣé Ọlọ́run ò lè dúró di oṣù tó ń bọ̀ ni?"

Wọ́n gbé abọ́ ẹ̀wà sílẹ̀. "Ìwọ náà ò gbà á gbọ́, àbí?"

Ọ̀rọ̀ ò dùn lẹ́nu ìyá olè, ẹ̀gbọ́n olè ńkọ́? Mo ní, "Ẹ jẹ́ n lọ bó ẹ̀wà náà."

Èmi náà ò kúkú níbi tí mò ń lọ. Àwọn òbí kan ti wá kó ọmọ wọn kúrò ní kíláàsì mi, ọ̀gá iléèwé wá rọra ní kí n fìdí mọ́lé fún ìgbà díẹ̀. Àbúrò bàbá mi ń pè lórí fóònù láti Ìlárá, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Tó o bá gba ẹ̀yìn ilé mi, kó o tó mí kanlẹ̀, o ti dé ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ta ló fẹ́ wá a débẹ̀?" Màmá mi ní ẹni tó bá sá ti jẹ́wọ́. Ọmọ àwọn ò ní í sá.

Ọmọ wọn ọ̀hún jókòó sínú yàrá, kò jẹ, kò mu. Tí mọ́tò bá tẹ fèrè lójú títì, á fò dìde, á tún jókòó. Mo wọlé tọ̀ ọ́, mo ti ilẹ̀kùn.

"Mo fẹ́ kó o sọ fún èmi nìkan. Ṣé ìwọ ni, àbí ìwọ kọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, kọ́ọ̀tù ti sọ̀rọ̀."

"Ṣé kọ́ọ̀tù ni mo bi ni? Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, jàre!"

Ó yíjú sí ògiri. Mo fẹ́ gbá a létí, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí bí ọrùn ẹ̀ ṣe tín-ín-rín, ọwọ́ mi wálẹ̀. Inú mi ń sọ fún mi, èmi náà sì ń sọ fún inú mi pé kó dákẹ́.

Mo gbé ẹ̀wà lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ tó ń lọta ní ìkángun àdúgbò wa. Bó ṣe rí mi báyìí, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní ẹ̀rọ ti bà jẹ́.

"Èyí tí mò ń gbọ́ ariwo ẹ̀ bọ̀ látòkè yẹn?"

"Ìsinsìnyí náà ló bà jẹ́, Ànńtí."

Ẹnu yún mi. Ọkùnrin tí mo kọ́ ọmọ ẹ̀ mẹ́ta níwèé! Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì, mo gbé ẹ̀wà mi. Mi ò tíì dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà níwájú tí ẹ̀rọ tó bà jẹ́ fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Nígbà tí mo délé, mo rò pé màmá mi á ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní kí n bá àwọn gbé ọlọ jáde. Ọlọ tí a ò lò láti ọdún gbọọrọ, adìyẹ ló ń sùn lórí ẹ̀. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n kúnlẹ̀ tì í, wọ́n ń lọ ẹ̀wà sàárà ọmọ wọn, apá wọn tó ti gbẹ ń lọ, ó ń bọ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbà á. Wọ́n ní ẹ̀jẹ́ àwọn ni, ọwọ́ àwọn ni káwọn fi san án.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Àfáà wá kí oòrùn tó mú, ó ṣàdúrà bí ẹni tó dúró lórí ìjàlọ. A gbé àkàrà tó kọ́kọ́ jinná síwájú ẹ̀, ó ní òun ń gbààwẹ̀. Ó dáa, a dúpẹ́. Màmá mi ní àbúrò mi gan-an ló yẹ kó gbé sàárà kiri, torí òun la torí ẹ̀ ṣe é. Mo fárí gá, mo ní wọ́n á sọ ọ́ lókùúta. Èmi ni mo gbé e.

Ilé màmá àgbà tó wẹ̀ mí nígbà tí wọ́n bí mi ni mo kọ́kọ́ yà. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n na ọwọ́ gba abọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún ayọ̀.

"Ti kí ni?" ni wọ́n bi mí.

"Ti ìdáláre àbúrò mi ni, Màmá."

Wọ́n ṣí ìdérí abọ́ náà. "Ta ló dá a láre?"

"Adájọ́ ni, Màmá. Ní Ìlaròó."

Wọ́n dá ìdérí padà sórí abọ́, jẹ́jẹ́, wọ́n gbé e fún mi. "Ọmọ mi, mi ò mọ àdúrà tó bá ìyẹn mu. Má bínú."

Ilé tó kù ò tiẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Mo ń gbọ́ ohùn wọn nínú ilé, mo ń kí wọn, ohùn yẹn á dákẹ́ títí màá fi kọjá. Ọmọdébìnrin kan na ọwọ́ mú àkàrà kan, ìyá ẹ̀ gbá a lọ́wọ́, àkàrà bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀. Mo gbé abọ́ mi padà sílé bí mo ṣe gbé e jáde. Ojú tì mí débi pé mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé.

Ibi tá a wà nìyẹn tí ariwo fi bẹ̀rẹ̀ níta. Ẹnì kan ti lọ sọ ní oríta pé à ń nawó, pé a ti dáná àríyá. Àwọn ọlọ́kadà ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà àwọn tó jáde láti Jímọ̀, lẹ́yìn náà gbogbo èèyàn. "Ẹ mú un jáde! Ẹ jẹ́ ká bá yín jẹ nínú ẹ̀!" Òkúta àkọ́kọ́ balẹ̀ sórí páànù, ó dún gbàà. Èkejì fọ́ gíláàsì fèrèsé. Mo pe tẹ́ṣàn lórí fóònù, wọ́n ní àwọn ń bọ̀, ohùn wọn ò jọ ti ẹni tó dìde. Màmá mi wà lẹ́yìnkùlé nídìí epo, etí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, epo sì ń hó. Wọ́n rò pé àwọn èèyàn wá gba sàárà ni. Wọ́n ń dín àkàrà lọ!

Mo wọ yàrá tọ àbúrò mi. "Dìde! Gba ẹ̀yìnkùlé, kó o gba inú oko ẹ̀gẹ́ jáde, kó o máa lọ sí Ìlárá. Mo ti ní kí àbúrò bàbá wa rán ọkadà wá dúró dè ẹ́ lókè lọ́hùn-ún." Kò bá mi jiyàn. Ó wọ bàtà. Okùn ẹ̀ ò ṣeé so fún un, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ bá a so ó. Ẹ̀rù ń bà mí, inú ń bí mi, ibi tí mo ti ń so bàtà yẹn ni mo ti ń ṣépè, mi ò sì mọ ẹni tí mò ń ṣẹ́ ẹ fún.

A ti dé pálọ̀ nígbà tí ìta dákẹ́. Ṣe ló kàn dákẹ́ lójijì. Ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló ń dún bọ̀ lórí òkúta wẹẹrẹ iwájú ilé wa. Ilẹ̀kùn ṣí, ìyá ọmọ náà wọlé.

Láti iléèwé ló ti ń bọ̀, ẹfun ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kò wo àbúrò mi. Èmi ló ń wò.

"Ẹ kú ilé, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ... o káàbọ̀."

"Mo gbọ́ pé ẹ ń ṣe sàárà. Ẹ ò mú tèmi wá."

Mo ní kò yẹ bẹ́ẹ̀ ni, mo ní kó má bínú, mo ní ẹ̀jẹ́ ìyá àgbàlagbà ni, mo ń sọ̀rọ̀ tí kò nídìí. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí àbúrò yín fúnra ẹ̀ gbé e fún mi."

Abọ́ tí mo gbé padà wà lórí tábìlì. Àbúrò mi gbé e pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Obìnrin náà na ọwọ́ sí abọ́, ó dì í mú létí, ṣùgbọ́n kò tíì gbà á. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ dì í mú.

"Ti kí ni?" ló bi í.

Àbúrò mi tẹjú mọ́ ìdérí abọ́.

"Sọ fún mi, kí n lè mọ àdúrà tí màá ṣe. Tọkàntọkàn ni màá fi ṣe é. Ti kí ni?"

"Ti pé... ti pé Ọlọ́run..." Abọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo rí i bí ìdérí ṣe ń lu etí abọ́. Mo fẹ́ kó purọ́, mo fẹ́ kó má purọ́, àwọn méjèèjì ni mò ń fẹ́ pa pọ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

"Ẹ má ṣàdúrà sí i, Ànńtí," ló ní. "Èmi ni mo wà á."

Mo jókòó. Mi ò mọ ìgbà tí mo jókòó.

Ìyá ọmọ náà ò pariwo, kò jágbe mọ́ ọn. Ó ní, "Ṣé ó sọ̀rọ̀?"

"Ó sọ̀rọ̀, mà."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní, 'Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí sílẹ̀.'"

"Kí lo wá sọ fún un?"

Àbúrò mi ti ń sunkún báyìí, irú ẹkún tó ń fa èèyàn látinú. "Mo ní kó dúró dè mí. Mo ní mò ń bọ̀. Mo kàn fẹ́ gbé mọ́tò kúrò lójú títì ni, torí ẹrù fàyàwọ́ tó wà nínú ẹ̀ àti àwọn aṣọ́bodè. Mo fẹ́ padà wá, Ànńtí. Ẹ̀rù bà mí ni. Mo wá ń sá."

"Ọ̀nà igbó yẹn lo gbà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó mi orí lọ́pọ̀ ìgbà, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣàlàyé ọ̀nà ilé kan fún. "Ìwọ ló ń wò," ló ní. "Ọmọ mi ń retí ẹ."

Ó gba abọ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó gbé e mọ́ àyà, ó yí padà, ó jáde. Mo wà lójú fèrèsé tó fọ́ yẹn, mo rí i bó ṣe ń lọ sáàárín wọn. Wọ́n ń bi í, "Ànńtí, kí ló sọ? Ṣé ká wọlé?" Ó ní, "Ẹ yà fún mi, ẹ jọ̀ọ́. Mo fẹ́ máa lọ sílé." Wọ́n yà. Ẹni tó di òkúta mú jù ú sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ara ẹ̀, wọ́n sì ń tú ká lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe mọ́.

Ohùn màmá mi ló ta láti ẹ̀yìnkùlé. Ẹnì kan ti yọjú sí wọn lórí ògiri, ó ti sọ fún wọn.

"Ṣé lóòótọ́ ni, ìyá ọmọ náà wá? Ṣé ó gba sàárà wa?"

Mo wo àbúrò mi. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," mo ní. "Ó gbà á."

"Alihamudulilahi!" Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́. "Mo ti wí i! Mo ní ọmọ mi ò mọwọ́mẹsẹ̀! Kó abọ́ wá, jàre, kí n dín èyí tó kù."

Àbúrò mi nu ojú ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn bàtà tí mo bá a so, ó bọ́ bàtà náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń lọ bá wọn lẹ́yìnkùlé.